Òkúta Mọ́kànlá

Gẹ́sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àbá dídá.
Ohùn lásán ló yà á kúrò lára orúkọ wọn lẹ́nu tiwa:
rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, o ti pe odidi èdè kan;
gbé e sókè, ohun tí o kò mọ̀ lò ń wá kiri.

Mo rántí èyí ní Kọ́ńbíríà, lọ́jọ́ ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn.
Òjò wínníwínní, ẹrọ̀fọ̀ dé ọrùn bàtà.
Èmi ni mo di agolo bisikíìtì mú, tí mò ń gba àádọ́ta pẹ́ńsì
lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwọ̀n àgbò olójú dúdú tí a so mọ́ òpó.
Ìgò wisikí kan ni ẹ̀bùn.

Òkúta ni wọ́n fi ń wọn ẹran níbẹ̀, wọ́n sì fi ń wọn ènìyàn:
pọ́n-ùn mẹ́rìnlá, òkúta kan.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Nílé wa, àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta.
Níbí, òkúta gan-an ni wọ́n ń dá lábàá.

Àgbẹ̀ kan fojú bù ú, ó ní méjìlá.
Olùkọ́ kan yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ṣírò sẹ́yìn rìsíìtì.
Bryony kò tilẹ̀ wo àgbò.
Ó kọ òkúta mọ́kànlá, nọ́ńbà ilé ìyá rẹ̀ àgbà;
ó kọ pọ́n-ùn márùn-ún, ọjọ́ orí òun fúnra rẹ̀.

Ìgbà náà ni Wilf Tallentire dé,
darandaran tí ojú rẹ̀ ti kú, tí ọ̀pá ń ṣíwájú rẹ̀.
Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹran.
Gbogbo wa ló bojú wo ibòmíràn.
Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀.
Ìka rẹ̀ wọ inú irun tútù, ó kọjá ọ̀rá, ó kan eegun,
ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ́tí sílẹ̀.

Àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ sọ pé
gẹ́sì kò jọ ohun tó ti inú orí wá.
Ó jọ pé ìhà àríwá ló ti wọlé,
lẹ́nu àwọn ará etí òkun tútù tí wọ́n ń sọ pé géta
bí ọwọ́ wọn bá tẹ nǹkan.
Kí ó tó di àbá, ìdìmú ni.
Àwọn náà kàn ń dá àbá lórí àbá ni o;
ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀?

"Mọ́kànlá," ni Wilf wí. "Àti pọ́n-ùn mẹ́rin."
Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
"Ara Nora ni mo ti kọ́ ọ.
Odidi ìgbà òtútù, láti orí ibùsùn sórí àga, èmi ni mò ń gbé e.
Òkúta mẹ́jọ. Méje.
Méje kò pé mọ́.
Dókítà ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rò ó sí,
mo ní n kò mọ̀.
Ọwọ́ mi mọ̀. Ẹnu mi ni kò gbà."

Wọ́n ti àgbò sórí ìwọ̀n. Ó kọ̀, ó tapá, ó gbà.
Òkúta mọ́kànlá, pọ́n-ùn márùn-ún.

Ariwo sọ.
Ìyá àgbà ti sáré fi ìgò sábẹ́ aṣọ òjò
kí ọmọ tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.
Wilf rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Ó ní kí wọ́n mú ẹni tó borí òun wá.
Ó gbé e sókè, bàtà ẹlẹ́rọ̀fọ̀ ń mì lára ẹ̀wù rẹ̀,
ó dákẹ́ díẹ̀, ju bó ṣe dákẹ́ fún àgbò lọ.

"Òkúta mẹ́ta," ó ní. "Yóò ṣì máa lé sí i."
"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni Bryony bi í.
"Gẹ́sì ni,"
kò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀.